Ta Ló Jí Sìdíkátù?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Sìdíkátù télọ̀ kì í rí oorun sùn, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀rọ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ẹ̀ ní Ìkòtún, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń bú ramúramù nínú àgbàlá, mọ́ṣáláṣí ń pe ìrun lókè, ṣọ́ọ̀ṣì ń lu agogo nísàlẹ̀, Sìdíkátù á sì nà gbalaja láàárín gbogbo ẹ̀, á máa sùn. Òun fúnra ẹ̀ a máa sọ ọ́ fáwọn oníbàárà pé, "Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá pé, oorun ẹ̀ á pé." Kò sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, Sìdíkátù ò sì wá ìrẹ̀lẹ̀ débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ojú ẹ̀ ṣàdédé là ní òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè kan lọ́dún 2009, inú ló bí i. Ẹ̀rù kọ́ o. Inú bí i gan-an ni. Ó tẹ fóònù ẹ̀ wò, ó rí i pé aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá olè ni, kò sí olè. Ẹ̀fọn ò jẹ ẹ́. Ìtọ̀ ò gbọ̀n ọ́n. NEPA ti mú iná lọ tipẹ́, epo ti tán nínú àwọn jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́.

"Kí ló wá jí mi?" ó bi ara ẹ̀. Ó ní kò burú, òun á tún padà sùn. Ó yí sápá ọ̀tún, ó dijú.

Oorun ò wá o.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn fún yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn, àpò Gáná-mọ́ọ̀sì-gò ńlá kan wà níbẹ̀. Sùtánà mọ́kànlélógún ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ funfun báláú, Sìdíkátù ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ rán gbogbo ẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ Àgọ́ Ìmọ́lẹ̀ ní Ìgándò ló ni wọ́n. Ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an ni ìkórè wọn, bọ́ọ̀sì ìjọ sì ń bọ̀ wá kó aṣọ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ẹ̀ ń wò ó pé Mùsùlùmí ni Sìdíkátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ló ṣe di ẹni tó ń rán sùtánà fáwọn aláṣọ funfun? Abigail ni. Abigail, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Promise, ló ń gbé yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín òun àti Sìdíkátù. Ọdún kẹrìnlá rèé tí wọ́n ti jọ ń yá ara wọn níyọ̀. Abigail ló máa ń dá orin nínú ìjọ yẹn. Látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, orin yẹn nìkan ló kù tó ń mú un rẹ́rìn-ín.

Òun ló dárúkọ Sìdíkátù nínú ìpàdé ìjọ. Àgbà ìjọ kan tó ń jẹ́ Abraham, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín, ló kọ̀. Ó ní, "Ṣé télọ̀ ti tán nínú ìjọ ni, tá a fi ń gbé aṣọ àdúrà fún ẹni tí kì í bá wa jọ́sìn?"

Ni Abigail bá dìde. Ó ní, "Mo dúró fún un. Bí àbàwọ́n kan ṣoṣo bá wà lára aṣọ náà, ẹ bọ́ sùtánà lọ́rùn mi, kí ẹ sì gba orin lẹ́nu mi."

"A gbọ́," Abraham fèsì. "Èmi kì í wo ojú aṣọ o. Inú ẹ̀ ni mo máa ń yí síta wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, torí pé bí Abraham bá sọ ọ́, á ṣe é. Abigail wálé, ó ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé pupa ò gbọdọ̀ kan aṣọ náà, dúdú náà ò gbọdọ̀ kàn án, èèwọ̀ ni lára aṣọ àdúrà wọn. Sìdíkátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ Abigail, èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́? Bí o bá rí àléébù kan níbẹ̀, màá ju àlùmọ́gàjí mi sí gọ́tà!"

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ló ń yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago méjì òru yìí. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó yí ìrọ̀rí pa dà kí ibi tútù lè kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i lójú. Bẹ́ẹ̀dì ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ títí tí ọkọ ẹ̀, Jibril, fi la ojú kan. Birikilà ni Jibril, ó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ru búlọ́ọ̀kù l'Ẹ́gbẹ́dá, oorun tó sì ń sùn, owó ló fi rà á.

"Kí ló dé?" ó bi í.

"Oorun ló dá mi lójú, Bàbá Aasiyah. Kò wá mọ́."

"Ka Áyátúlí Kúrísì, kí o kọjú sápá ọ̀tún."

"Mo ti kọjú sápá ọ̀tún. Ṣé ẹ rò pé..."

Jibril ti ń hanrun. Sìdíkátù wò ó, ó wù ú kó gbá a létí, ṣùgbọ́n kò gbá a. Ó ka Áyátúlí Kúrísì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún un kà. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ojú ẹ̀ tún wá mọ́lẹ̀ sí i. Ó dìde, ó mu omi, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì ni kò fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ náà ò fẹ́ ẹ. Ó wá jókòó dìde.

"Ó dáa," ó sọ fún ara ẹ̀. "Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀ bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. Ìwọ̀n ńkọ́? Òun fúnra òun ló fi téèpù wọn àwọn akọrin méjèèjìlélógún, láti orí Ebenezer oníkùn bẹ̀m̀bẹ́ títí dórí Olúfúnmiláyọ̀ tó ga bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ òkè àjà. Ọwọ́ aṣọ ńkọ́? Ó gún régé. Ọrùn ńkọ́? Ó tẹ́jú. Pupa àti dúdú ńkọ́? Háà! Sìdíkátù tiẹ̀ rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Kó tó gé aṣọ àkọ́kọ́ ló ti fọ òróró kúrò lára máṣíìnì. Ó kó gbogbo òwú aláwọ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù sínú agolo mílíìkì, ó sì ní kí Ọláwùmí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ máa gbé e lọ sílé wọn ní Àkọ̀wọ̀njo, kó má tíì dá a pa dà títí ìkórè á fi kọjá. Ṣọ́ọ̀kì pupa tí wọ́n fi ń fa ìlà, kò fọwọ́ kàn án. Àfọ́kù ọṣẹ funfun ló fi fa gbogbo ìlà tó fà.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Iṣẹ́ mi pé."

Ó tún dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn Abigail lẹ́yìn ògiri, ó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. Kò yà á lẹ́nu, ṣé aládùúrà ni, òru ni ọ̀sán wọn. Ó kàn ń ronú pé ẹ wo ayé, ẹni tó yẹ kó sùn kó lè ráyè kọrin lọ́la ò fẹ́ sùn, ẹni tó fẹ́ sùn ò rí oorun. Ó fi ìrọ̀rí bo etí. Ó ka ọ̀kan dé igba. Nígbà tó dé igba tí ojú ẹ̀ ṣì ń wò ràn, ó ju ìrọ̀rí nù.

"Oorun, máa lọ jàre!" ó ní. "Èmi á kúkú wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, kínú mi dùn."

Ó rìn lọ sídìí àpò, ó fa sùtánà kan yọ, ó gbé e lé orúnkún. Ó rọra fọwọ́ pa á láti èjìká wálẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Inú ẹ̀ ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dé ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, ó ń bá a lọ, ló bá kan nǹkan kan tó le bí kóró ata. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ó yí ìṣẹ́tí náà síta.

Òwú pupa ni. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń tàn yanran.

"Sùbùhánáláhì!"

Ó fa sùtánà kejì, òwú pupa. Ó fa ẹ̀kẹta. Kò yẹ ẹ̀kẹrin wò mọ́, ó ti mọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ìyá Súmbọ̀ tó kọ́ Sìdíkátù níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àṣà kan. Bó bá rán aṣọ tán, á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún òwú pupa lẹ́ẹ̀mẹta sábẹ́ ìṣẹ́tí, níbi tí ojú ò tó. Ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é. Aṣọ lè rìn títí dé Kánò, Ìyá Súmbọ̀ á yí etí ẹ̀ síta, á ní èmi ni mo bí eléyìí. A máa sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé, "Aṣọ tí kò lẹ́rìí, ọmọ tí kò ní bàbá ni." Ọgbọ̀n ọdún ni Sìdíkátù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rí kì í sí nínú agolo rárá, àyà aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ló máa ń gún un mọ́, òwú pupa kì í sì í kúrò lójú ẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé Sìdíkátù ò rí i mọ́. Lálẹ́ Fúráìdé tí iṣẹ́ parí, inú ẹ̀ dùn, ó ń kọrin, ló bá jókòó, ó fa abẹ́rẹ́ yọ láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ló ń ṣe é. Orí ti lọ sùn.

Kí n má purọ́ fún yín, èrò burúkú kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹ̀. Òwú mẹ́ta, kò gùn tó èékánná ọmọdé, abẹ́ ìṣẹ́tí ló sì wà, ta ló máa rí i? Ojú Abraham tẹ́ẹ́rẹ́ ló wá sí i lọ́kàn, tó ń yí inú aṣọ síta. Lẹ́yìn náà ni ojú Abigail, tó dúró láàárín ìjọ, tó ní òun dúró fún un. "Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà," Sìdíkátù sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó fi fóònù há eyín, ó mú bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ẹ̀rù ò bà á mọ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, ọwọ́ obìnrin yìí á balẹ̀. Ó ń tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí bíléèdì fara kan aṣọ. Ó tú márùn-ún. Ó ṣírò ẹ̀ pé kó tó di ìrun àsùbáà, gbogbo mọ́kànlélógún á ti mọ́ tónítóní.

Mọ́kànlélógún kẹ̀? Ọwọ́ ẹ̀ dúró sójú kan. Méjìlélógún ló rán. Abigail ti wá mú tiẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó lóun fẹ́ lọ̀ ọ́ fúnra òun kó tó wọ̀ ọ́.

Ibi tó ti ká a mọ́ nìyí. Ẹ ò tíì gbọ́ nípa oṣù mẹ́rin. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Abigail wò bùbá kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọrùn bùbá náà wọ́ díẹ̀. Lójú oníbàárà ló ti sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Sìdíkátù ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Wọ́n ń pàdé ní pásééjì, wọ́n ń pàdé nídìí kànga, kò kí i. Ẹran Iléyá gan-an, Aasiyah ọmọ ẹ̀ ló fi rán sí i. Látìgbà tí wọ́n ti parí ìjà yẹn, Abigail ò tún sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ Sìdíkátù mọ́, àfi "ó dára."

Sìdíkátù yìí ló wá kù tó máa lọ kan ilẹ̀kùn Abigail báyìí, láago mẹ́ta òru, láti lọ sọ pé òun ti ba aṣọ jẹ́. Ìtìjú mú un, ó gbóná lára ẹ̀ títí dé etí. Ó tún jókòó. Ó tún dìde. "Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ó ní, ó wé gèlè, ó mú bíléèdì, ó bọ́ sí pásééjì.

Ẹ̀ẹ̀kan ló kan ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Abigail dúró níbẹ̀, àbẹ́là ń jó lẹ́yìn ẹ̀. Ó tẹ́ sùtánà ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ ló yí síta.

"Ìyá Promise," Sìdíkátù ní, "mo ti ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo fi..."

"Òwú pupa," Abigail dáhùn.

"O mọ̀?"

"Láti aago mẹ́jọ alẹ́. Bí mo ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e ni mo rí i."

"Aago mẹ́jọ! O wá jókòó tì í? Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni, tàbí o ò lẹ́nu?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ," Abigail ní. "Nígbà kẹta, mo gbọ́ tí ò ń sọ fún Bàbá Aasiyah pé kò sí télọ̀ bíi tìẹ láti Ìkòtún títí dé Àgbàdo. Mo bá pa dà."

Sìdíkátù wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Mo rántí oṣù mẹ́rin yẹn," Abigail ń bá a lọ, ohùn ẹ̀ ò tilẹ̀ le. "Mo ní bí mo bá sọ ọ́, màá pàdánù rẹ. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gba orin lẹ́nu mi. Mo rò ó, mo rò ó. Mo ní kí wọ́n gba orin."

Ojú ti Sìdíkátù. Kì í ṣe ìtìjú òwú o, ti òwú ti kéré. Omi lé ròrò sí i lójú. Abigail tí orin nìkan kù sí lọ́wọ́, òun ló fẹ́ jẹ́ kó bọ́ nítorí ìgbéraga télọ̀ kan.

"Ṣùgbọ́n ó dùn mí," Abigail ní, "ni mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, èmi ò lè kan ilẹ̀kùn yẹn. Ìwọ bá mi jí obìnrin yìí. Jí i, kí o má sì jẹ́ kó tún sùn títí á fi rí i fúnra ẹ̀."

Sìdíkátù nu ojú. Ó wò ó dáadáa. "Aago mélòó nìyẹn?"

"Á ti tó aago méjì ku díẹ̀."

"Ìwọ!" Sìdíkátù pariwo. "Ìwọ lo jí mi! Mo ka Áyátúlí Kúrísì lẹ́ẹ̀mejì, mo sùn sórí ẹní, mo ka igba, ìwọ ń bẹ níhìn-ín tí ò ń lé oorun mi lọ!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú, títí tí ẹnì kan fi gbá ògiri láti yàrá kejì pé kí ẹ̀yin obìnrin yìí jẹ́ ká sùn. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Sìdíkátù di ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú.

"Abigail, gbọ́. Bó bá di ìgbà míì, kànkùn. Má rán Ọlọ́run sí mi mọ́. Kàn wá kànkùn."

"Bí o bá yan odì ńkọ́?"

"Bí mo bá yan odì, tún un kàn."

Wọ́n gbé àpò wọlé, wọ́n jókòó ti àbẹ́là, ẹnì kan ń di aṣọ mú, ẹnì kejì ń tú òwú. Aago márùn-ún kò tíì lù tí gbogbo ẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí Sìdíkátù tú ti Abigail tán, tó fẹ́ ká a, Abigail dá a dúró.

"Fi ẹ̀rí rẹ sí tèmi. Òwú funfun ni kí o lò. Mo fẹ́ mọ ẹni tó bí i."

Sìdíkátù gún un lẹ́ẹ̀mẹta, funfun lára funfun. Ojú ò lè rí i, ìka nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́fà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgándò, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún Sìdíkátù, torí pé oorun ti gbé e lọ kí bọ́ọ̀sì tó yà ní kọ́nà, kò sì jí títí àwọn èèyàn fi kí ìrun àìlà tán. Wọ́n ní Abraham yí gbogbo méjèèjìlélógún síta, ó tẹ ojú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Wọ́n ní nígbà tó wò ó tán pátá, ó kàn sọ pé, "Kí lẹ tiẹ̀ pe orúkọ télọ̀ yìí?" Abigail sọ orúkọ ẹ̀ fún un, ó sì dá orin.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kan ilẹ̀kùn Sìdíkátù láago méjì òru. Ó fò dìde láti ojú oorun, ó ṣílẹ̀kùn. Abigail ni, ó ró ìró, ó gbé àbẹ́là lọ́wọ́.

"Mo ń lọ gbàdúrà ni mo rí i lórí okùn pásééjì," Abigail ní. "Bùbá Títí ará ilé wa, tó o rán lánàá. Ọwọ́ òsì gùn ju ọ̀tún lọ."

Sìdíkátù wò ó. Ẹnu ẹ̀ là. Ó tún un pa dé. Ó bọ́ sí pásééjì, ó fa ọwọ́ bùbá méjèèjì pọ̀ nínú iná àbẹ́là, ó wọ̀n wọ́n.

"Ó gùn lóòótọ́," ó ní. "Màá gé e láàárọ̀. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi."

Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Jibril la ojú kan, ó ní, "Ta nìyẹn? Kí ló dé?" Ṣùgbọ́n Sìdíkátù ti ń hanrun.